Kí Ni "Legislate"? Àsọyé lórí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan Tí Ó Jẹ Mọ́ Òfin Ṣíṣe

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ọ̀rọ̀ náà ni "legislate", tí í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíràn lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kí ni ó kàn mí nínú èyí? Iṣẹ́ àwọn lọ́yà àti àwọn aṣòfin ni." A bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ tiwa. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ wá sí ẹnu yín rí, ó ń wá sí ìsọ̀ yín, sí oko yín, àti sí ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ẹni tí ó bá ṣì í gbọ́ lè pàdánù ohun ìní rẹ̀. Àwa mọ̀ pé òtítọ́ ni èyí, nítorí pé láti ẹnu wa ni irú òfò bẹ́ẹ̀ ti bá àwọn ẹlòmíràn rí.

I. Bí àwa ti ṣì í túmọ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ń ṣe àbójútó ìjọ kan ní ìlú tí ọjà rẹ̀ wà ní etí títì. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ti parí ìsìn òwúrọ̀, àwọn ìyá mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ ọlọ́jà dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń múra. Wọ́n mú ojú ewé ìwé ìròyìn kan lọ́wọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ kí wa, èyí tí ó jẹ́ àgbà nínú wọn sì wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ka ohun tí ìjọba wí nípa ìsọ̀ wa. Ọkàn wa kò balẹ̀." A gba ìwé náà, a sì rí i níbẹ̀ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà "is to legislate on" àwọn ìsọ̀ etí títì. Aṣọ ìsìn ṣì wà lára wa, ìpàdé mìíràn sì ń dúró dè wá. A dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin ìyá, wọ́n ti ṣòfin sí i." Gbólóhùn kan péré ni.

Ẹyin ni ohùn; bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo ọjà pé Bàbá ti ka òfin náà, pé a ó wó gbogbo ìsọ̀. Ẹ̀rù ba àwọn tálákà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta pákó àti páànù ìsọ̀ wọn ní iye tí ẹni tí ó fẹ́ rà á bá pè. Àwọn tí ó rà á kò tú u. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní ìdúró láti wo ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Opó kan wà nínú àwọn tí ó tà. Ìsọ̀ méjì ni ó ní, ọkọ rẹ̀ ni ó sì kọ́ wọn fún un kí ó tó kú. Iye tí ó gbà lórí méjèèjì kò tó owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kan fún sáà kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin kankan. Àbá ni ó wà níwájú ilé náà. Ìgbà àwọn aṣòfin náà pé kí wọ́n tó kà á parí, àbá náà sì kú síbẹ̀. Àwọn ìsọ̀ wà ní ìdúró, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń pàtẹ nínú ti opó náà. Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ ní ilé rẹ̀, kò bú wa. Ohun tí ó wí ni pé, "Bàbá, mo ti rò pé ẹ wò ó dáradára ni."

Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé a ó wo ọ̀rọ̀ yìí dáradára, a ó sì sọ ohun tí a bá rí fún àwọn ẹlòmíràn.

II. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀

Láti inú èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni "legislate" ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó para pọ̀ nínú rẹ̀. Èkíní ni "lex", tí í ṣe òfin. Bí a bá fẹ́ wí pé "ti òfin", a ó pè é ní "legis". Èkejì ni "lator", èyíinì ni ẹni tí ó ń gbé nǹkan wá. Nítorí náà, ẹni tí a ń pè ní "legis lator" ni ẹni tí ó gbé òfin wá. Ẹ kíyè sí i pé gbígbé ni wọ́n wí. A kì í sì í gbé nǹkan wá bí kò bá sí ẹni tí a ń gbé e wá síwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní Róòmù ní ìgbà tí wọn kò ní ọba mọ́. Olóyè tí ó bá fẹ́ kí òfin titun wà yóò gbé e wá síwájú àpéjọ àwọn ará ìlú, àwọn ni yóò sì dìbò bóyá kí ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 98 kí a tó bí Olúwa wa, wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ dìbò lórí àbá òfin kan láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní gbangba, tí ìwọ̀n àkókò ọjà mẹ́ta sì ti kọjá lórí rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni àwọn ará oko ń wọ ìlú; ní ọjọ́ náà ni wọ́n lè rí ohun tí a kéde, kí wọ́n sì gbé e yẹ̀ wò láàárín ara wọn. Ọjà àwọn ará Róòmù yìí a máa padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é ní ti ọjọ́ kẹsàn-án, nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí Yorùbá tí èyí yóò ṣe àjèjì sí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ń ka ọjà ọrún àti ọjà ìsán.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ aṣòfin àti orúkọ òfin ṣíṣe ti wà kí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí tó wà. Láti ara orúkọ wọ̀nyí ni wọ́n ti gé "legislate" jáde. Ti àwa Yorùbá yàtọ̀. Iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ dárúkọ: a ní "ṣe òfin", a pa á pọ̀ di "ṣòfin", a sì wá pe ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà ní "aṣòfin". Nítorí náà, bí a bá ní kí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan túmọ̀ "legislate", "ṣòfin" ni. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kúkúrú yìí kò tó láti dáàbò bo ènìyàn. Àwa náà "ṣòfin" ni a wí fún àwọn ìyá wọ̀nyí, a sì ṣì wọ́n lọ́nà.

III. Ohun tí "legislate" jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́

Bí baálé ilé bá wí pé kí a ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ó pàṣẹ. Bí ọlọ́pàá bá na ọwọ́ ní oríta kí ọkọ̀ dúró, òun náà pàṣẹ. Bí akéde bá lu agogo káàkiri ìlú, ó kéde ohun tí ẹlòmíràn ti pinnu. Bí adájọ́ bá wí pé Lágbájá jẹ̀bi, ó dá ẹjọ́. Kò sí èyí tí ó "legislate" nínú gbogbo wọn. Àní, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá wí pé adájọ́ kan "legislate", ìbáwí ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe: ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó kúrò ní ipò ẹni tí ń túmọ̀ òfin, ó sì lọ jókòó sórí àga àwọn tí ń ṣe é.

Ẹni tí ó ń "legislate" gbọ́dọ̀ ní agbára rẹ̀ láti ibì kan. Ní orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala rẹ̀ kẹrin, ni ó fi agbára náà fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti àpapọ̀ àti fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti àpapọ̀ pín sí méjì: Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 109, àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin tí ó ní 360. Ààrẹ kò lè dá ṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni gómìnà kò lè dá ṣòfin. Nínú Ìjọ wa pẹ̀lú, bíṣọ́ọ̀bù kì í dá ṣòfin láìsí àwọn àlùfáà àti àwọn ọmọ ìjọ tí ó bá a jókòó nínú sínọ́ọ̀dù.

Iṣẹ́ náà sì ní ìgbésẹ̀. Àbá òfin ni a kọ́kọ́ ń gbé wá síwájú ilé. A ó kà á lẹ́ẹ̀kíní, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé ó ti dé. A ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ó sì jiyàn lórí ìdí rẹ̀ àti àǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìgbìmọ̀ kékeré kan láàárín wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹyọ ẹyọ. Níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìjókòó ìta gbangba, níbi tí ará ìlú lè dìde kí ó sọ ti ẹnu rẹ̀. Nígbà náà ni a ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ti àpapọ̀ bá ni, ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà á. Lẹ́yìn náà a ó gbé e lọ fún Ààrẹ, tàbí fún gómìnà bí ti ìpínlẹ̀ bá ni, kí ó fi ọwọ́ sí i láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ó bá kọ̀, ilé lè tún un gbà. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá sì fara mọ́ ọn, ó di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ lè rí ìwọ̀n àṣìṣe wa. Nígbà tí àwọn ìyá wọ̀nyí mú ìwé ìròyìn tọ̀ wá wá, ìlẹ̀kùn ilé ìgbìmọ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Wọ́n lè ti kọ ìwé sí aṣojú wọn, wọ́n lè ti lọ sí ìjókòó ìta gbangba láti sọ pé, "Ìsọ̀ yìí ni a fi ń tọ́ ọmọ." Àwa ni a sọ fún wọn pé ìlẹ̀kùn ti tì. Nítorí náà, yàtọ̀ sí owó wọn, a gba àǹfààní láti sọ̀rọ̀ kúrò ní ọwọ́ wọn pẹ̀lú.

Àwọn àgbà a máa wí pé ìlú tí kò sí òfin, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa bá wọn ṣe ọ̀kan nínú èyí, nítorí pé ó ká àwọn aṣòfin lọ́wọ́ kò láti ṣe òfin ọ̀daràn tí yóò padà sẹ́yìn mú ẹni tí ó ti ṣe nǹkan kí òfin náà tó wà. Ojú iwájú ni aṣòfin ń wò.

IV. Bí a ti ń lò ó nínú gbólóhùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi etí sílẹ̀ sí apá yìí. "Legislate" kì í sábà gbé ohun tí a ṣe ka iwájú rẹ̀ tààrà. A kì í wí pé ilé ìgbìmọ̀ "legislate a law", nítorí pé òfin ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó wí pé "wọ́n ṣòfin òfin kan". Bí a bá fẹ́ dárúkọ òfin tí a ṣe, "enact" ni a ń lò. Bí a bá fẹ́ wí pé ilé gba àbá kan wọlé, "pass" ni. Ilé kan lè "pass" àbá kí ó má sì tíì di òfin, bí ilé kejì kò bá tíì gbà á tàbí bí a kò bá tíì fi ọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó tẹ̀lé "legislate" ni ó ń sọ ibi tí ó kọjú sí. Bí "on" bá tẹ̀lé e, ohun tí òfin náà dá lé lórí ni a ń sọ. Kò tíì sọ bóyá òfin náà yóò gba nǹkan náà láàyè tàbí yóò dá a dúró. Àbá tí àwọn ìyá wa bẹ̀rù lè jẹ́ èyí tí yóò fún wọn ní ibi titun láti tajà. Bí "against" bá tẹ̀lé e, òfin náà lòdì sí nǹkan náà. Àwọn kan rò pé èyí já sí pípe ènìyàn ní ẹjọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwà ni a ń fi òfin kọ̀; a kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"For" ni ó nílò ìṣọ́ra jùlọ, nítorí pé ìtumọ̀ méjì ni ó ní. Ó lè jẹ́ àwọn ènìyàn tí òfin náà yóò mú, bí a bá wí pé ilé ìgbìmọ̀ kan ń ṣòfin fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ohun tí a ń pèsè sílẹ̀ dè, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń wí pé ènìyàn kò lè "legislate for" gbogbo jàǹbá: kò sí òfin tí ó lè mọ gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọ̀la.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wo àkókò ọ̀rọ̀-ìṣe náà. "Is to legislate" ni pé wọn yóò ṣe é. Wọn kò tíì ṣe é. "Is legislating" ni pé wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀. "Has legislated" ni pé wọ́n ti ṣe é tán. Àwọn ọ̀rọ̀ tíńtìntín tí ó wà níwájú rẹ̀ ni a fò dá ní ọjọ́ ọ̀hún. Àti nígbà tí a bá tilẹ̀ ti ṣe é tán, a ní láti bèèrè ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé òfin mìíràn a máa dárúkọ ọjọ́ tí ó ṣì wà níwájú.

V. Ta ni a gbé òfin náà wá síwájú rẹ̀?

A ti wí pé gbígbé wá ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn ilẹ̀ wa fi hàn pé a lè máa ṣòfin fún àwọn ènìyàn tí a kò gbé òfin náà wá síwájú wọn rárá. Ní ọdún 1861 ni Èkó bọ́ sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1862 sì ni a dá ìgbìmọ̀ aṣòfin sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ìjọba ni ó lágbára nínú rẹ̀. Ní ọdún 1914, nígbà tí a so Gúúsù àti Àríwá pọ̀, Lugard dín agbára ìgbìmọ̀ náà kù sí Èkó nìkan, ó sì dá Ìgbìmọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀. Àwọn ọba kan wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè jókòó, wọ́n lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ kò de ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò "legislate" ní ọjọ́ kan.

Òfin Clifford ti ọdún 1922 mú Ìgbìmọ̀ Nàìjíríà kúrò, ó sì fi ìgbìmọ̀ aṣòfin titun dípò. Ní ọdún 1923 a dìbò yan ẹni mẹ́ta láti Èkó àti ẹnì kan láti Calabar. Ọkùnrin nìkan ni ó lè dìbò, àti nínú àwọn ọkùnrin, ẹni tí owó tí ń wọlé fún un tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ní ọdún. Ìgbìmọ̀ yìí ń ṣòfin fún Gúúsù. Gómìnà nìkan ni ó ń ṣòfin fún Àríwá, títí di ọdún 1947 tí òfin Richards bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1918 ni àwọn obìnrin ti ń san owó-orí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan nínú àwọn tí ó ń pinnu rẹ̀. Ní ọdún 1947 ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kó ara wọn jọ sí iwájú ààfin. Ẹni tí ó ṣáájú wọn ni Funmilayo Ransome-Kuti, aya àlùfáà Ìjọ wa kan. Wọn kò wí pé kí òfin má sí. Ohun tí wọ́n wí ni pé kò tọ́ kí a máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ohùn níbi tí a ti ń pinnu owó náà. Ní ọdún 1949 Aláké Ademola kúrò lórí oyè fún ìgbà kan, a sì dá owó-orí àwọn obìnrin náà dúró. Àwọn ìyá wọ̀nyí, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé, ti mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwa ń túmọ̀ lónìí.

Lẹ́yìn náà a rí àwọn ọdún ológun, láti 1966 dé 1979, àti láti ìparí ọdún 1983 dé 1999. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa wí nípa àwọn ológun náà pé wọ́n "legislate", nítorí pé ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ di òfin tí ó mú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé e wá síwájú ẹnikẹ́ni tí ará ìlú yàn. Òfin bẹ́ẹ̀ lè lágbára; síbẹ̀ àṣẹ ni ó sún mọ́ jùlọ.

VI. Ìparí

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a kó ọ̀rọ̀ wa jọ. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí "legislate" nínú ìwé ìròyìn, tàbí tí ẹnìkan bá sáré wọ ọjà pé ìjọba ti ṣòfin, ẹ bèèrè ohun mẹ́rin. Èkíní, ta ni ó ṣe é, ó ha sì ní agbára láti ṣe é? Èkejì, lórí kí ni, ṣé láti gbà á láàyè ni tàbí láti kọ̀ ọ́? Ẹ̀kẹta, ṣé wọ́n ti ṣe é tán, àbí wọ́n fẹ́ ṣe é? Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá ti ṣe é tán, ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe é ni, ẹ má ṣe ta ìsọ̀ yín. Ẹ wá aṣojú yín lọ.

Àti ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé kà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ, àti àwa àlùfáà pẹ̀lú: nígbà tí ìyá kan bá na ìwé sí wa pé kí a bá òun kà á, ohun ìní rẹ̀ ni ó gbé lé wa lọ́wọ́. Bí àkókò kò bá sí, kí a wí fún un pé kí ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ohun tí àwa ń ṣe nísinsìnyí ni pé a ń jókòó, a ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì ń kà á lẹ́ẹ̀mejì kí a tó la ẹnu. Opó tí a sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ti rí ìsọ̀ kan gbà padà láti ìgbà náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará nínú ìjọ. Ìkejì kò padà. A kò lè fi àsọyé kan san án padà fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú yín bá fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdúró nítorí pé ó bèèrè kí ó tó tà á, a ó mọ̀ pé àsọyé yìí kò já sí asán.